Eré Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Lálẹ́: Ìgbádùn Tí À Ń Fi Pamọ́

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí á bi yín ní ìbéèrè kan kí á tó wọ inú ọ̀rọ̀. Bí ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn yín ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, tí ó sì bá yín nídìí tẹlifíṣọ̀n, kí ni ẹ máa ń ṣe? Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò sáré yí i sí ibi tí wọ́n ti ń ka ìròyìn. Ẹlòmíràn yóò ní àwọn ọmọ ni ó ń wò ó, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ ti sùn láti bíi wákàtí kan. Ó tẹ́ wa lọ́rùn kí àlejò bá wa nídìí ìròyìn tàbí ìwàásù ju kí ó bá wa nídìí eré ìfẹ́ àwọn ará Mẹ́síkò, tàbí eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tí a ti wò lẹ́ẹ̀mẹta, tí a sì mọ apànìyàn inú rẹ̀ bí ẹní mọ orúkọ ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìtìjú yìí ni a fẹ́ bá yín sọ. Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé kí ni ó pa ìwé ìlera ìdílé pọ̀ mọ́ eré orí tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn ń ṣe láti agogo mẹ́jọ alẹ́ títí tí yóò fi sùn wà lára ìlera rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ tí ó jẹ ti wà lára rẹ̀. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ohun tí ènìyàn bá ń tijú rẹ̀, kì í sábà sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì.

Ìyá kan wà tí a kò ní dárúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni ó ṣe kí ó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ilé kún fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn ìsìnkú, olúkúlùkù padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀, ó wá ku ìyá àti ìró aago ara ògiri. Oorun kò kùn ún mọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó ra àwo fídíò eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àtijọ́ kan wá fún un. Ìyá wo apá kan ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó sì sùn mọ́jú, ìgbà àkọ́kọ́ láti bíi oṣù méjì. Láti ìgbà náà ni apá kan lálẹ́ ti di oògùn oorun fún un. A ó padà sí ọ̀rọ̀ ìyá yìí, nítorí kò parí síbẹ̀.

Àwọn eré náà

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Nígbà náà, ẹni tí ó bá ní tẹlifíṣọ̀n ní àdúgbò ti di ọlọ́jà: àwọn ọmọ aládùúgbò yóò kún ojú fèrèsé rẹ̀ fọ́fọ́. Láti ìgbà náà ni a ti ń wo eré tiwa, tí a sì ń wo ti àwọn òyìnbó mọ́ ọn. Nínú ti àwọn òyìnbó, ẹ jẹ́ kí á mú méjì.

Èkíní ni Columbo. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é. Ó kọ́kọ́ jáde gẹ́gẹ́ bí fíìmù kan ṣoṣo ní 1968, ó di eré alátìgbàdégbà ní 1971, wọ́n dá a dúró ní 1978, wọ́n tún gbé e dìde ní 1989, èyí tí ó kẹ́yìn sì jáde ní 2003. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú rẹ̀ kò jọ akọni rárá. Kóòtù òjò rẹ̀ ti rún, ọkọ̀ Peugeot 403 rẹ̀ ti gbó, sìgá ńlá kì í sì í kúrò ní ọwọ́ rẹ̀ (ìyẹn ni ìjà kan ṣoṣo tí àwa ará ètò ìlera ní í bá a jà). Àwọn olówó àti àwọn ọ̀mọ̀wé ni wọ́n sábà máa ń pànìyàn nínú eré yìí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọn yóò ti fi ẹni tí ó pànìyàn hàn yín, àti bí ó ṣe pa á. Ohun tí ẹ jókòó fún ni láti wo bí ọkùnrin onílàákàyè yìí yóò ṣe rọra yí ọlọ́lá náà ká. Ó ti dágbére, ó ti dé ẹnu ọ̀nà, àfi bí ó ṣe yí padà tí ó ní ohun kékeré kan ni ó kù tí òun fẹ́ béèrè. Ẹni tí ó bá ti wo eré yìí rí yóò ti máa rẹ́rìn-ín báyìí.

Peter Falk ni orúkọ òṣèré náà. Wọ́n bí i ní 1927, ó kú ní 2011. Bí ẹ bá wo ojú rẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí i pé ti ọ̀tún kì í yí bí ti òsì. Ojú àtọwọ́dá ni. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 3 ni wọ́n yọ ojú náà nítorí irú jẹjẹrẹ kan tí àwọn oníṣègùn ń pè ní retinoblastoma. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí á fi eré sílẹ̀ díẹ̀ níbí, nítorí jẹjẹrẹ yìí wà láàárín wa, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ni ó sì sábà máa ń mú. Àmì rẹ̀ tí òbí lè fi ojú ara rẹ̀ rí ni pé àárín dúdú ojú ọmọ yóò máa tàn funfun bí ojú ológbò lóru, pàápàá nínú fọ́tò tí wọ́n fi iná yà. Nígbà mìíràn, ojú méjèèjì kò ní máa wo ibi kan náà mọ́. Ẹ má ṣe kán omi ọmú sí i, ẹ má ṣe kán ìtọ̀ sí i, ẹ má sì ra oògùn ojú ní ọjà. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn tí dókítà ojú wà ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an. Bí a bá tètè rí i, a lè gba ẹ̀mí ọmọ là, ní ọ̀pọ̀ ìgbà a sì lè gba ojú náà là pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí á padà. Eré kejì ni Murder, She Wrote, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1984 tí ó sì parí ní 1996 lẹ́yìn apá 264. Opó ni ẹni tí ìtàn náà dá lé lórí: Jessica Fletcher, olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó wá di òǹkọ̀wé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní ìlú kékeré kan létí òkun. Kò ní ìbọn. Kì í bá ènìyàn jìjàkadì. Kì í wa ọkọ̀, kẹ̀kẹ́ ni ó ń gùn kiri ìlú, èyí sì dùn mọ́ wa nínú. Angela Lansbury, tí ó ṣe é, ti tó ẹni ọdún 58 nígbà tí eré náà bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fíìmù kì í wo ojú obìnrin mọ́. Ó sì gbé ayé títí di 2022, nígbà tí ó kú ní ẹni ọdún 96. Àwọn olùwòran ti fi ìlú Jessica ṣe ẹ̀fẹ̀ títí: wọ́n ní bí ìlú kékeré bẹ́ẹ̀ bá ń pàdánù ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, ó yẹ kí ó ti tú. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbádùn eré náà kò gbọdọ̀ béèrè ìyẹn.

Ìdí tí ó fi ń tuni lára

Báwo ni ìtàn ìpànìyàn ṣe wá ń fi ara balẹ̀ fún ènìyàn? Ó jọ ìdàkejì. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ kì í pọ̀ nínú irú èyí. Ẹni tí ó kú, a kò mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí a ó fi sunkún rẹ̀. Nǹkan dàrú ní ìbẹ̀rẹ̀. Kí wákàtí kan tàbí méjì tó pé, ẹnìkan tí orí rẹ̀ pé ti to gbogbo rẹ̀ padà sí ipò. Ní ayé tí àwa ń gbé, ẹjọ́ ilẹ̀ lè wà ní kóòtù fún ọdún mẹ́wàá, owó ìfẹ̀yìntì lè pẹ́ kí ó tó dé, ẹni tí ó sì ṣe wá ní ibi lè máa jókòó ní iwájú wa nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Wákàtí kan tí òtítọ́ fi borí kì í ṣe ohun kékeré fún ọkàn tí ó ti rẹ̀.

Ní ti àwòtúnwò, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí a wà ní ọmọdé, ta ni kò mọ̀ pé ọwọ́ yóò tẹ Ìjàpá? A mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó pa àlọ́, síbẹ̀ a ó tún bẹ ìyá àgbà pé kí ó pa èyí tí ó pa lánàá. Ní 2011, àwọn olùwádìí méjì ní Yunifásítì California ní San Diego, Jonathan Leavitt àti Nicholas Christenfeld, fún àwọn ènìyàn ní ìtàn kà, ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sì wà nínú wọn. Wọ́n ti sọ òpin ìtàn fún àwọn kan ṣáájú, wọn kò sọ fún àwọn mìíràn. Àwọn tí ó ti mọ òpin gan-an ni wọ́n gbádùn ìtàn jù. Àwọn ìwádìí mìíràn tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà kò fi gbogbo ìgbà bá èyí mu, nítorí náà a kò ní pè é ní òfin. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé kì í ṣe ẹni tí kò mọ̀ nìkan ni ó lè gbádùn.

Kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ òyìnbó nìkan ni a ti lè rí irú ìgbádùn yìí. Ní 1969 ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé Àjà Ló Lẹrù jáde, ìwé tí Lápàdé, ọlọ́pàá tí ó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ti ń lépa àwọn ọ̀daràn kiri. Àgbàlagbà Akàn tẹ̀lé e ní 1971. Kọ́lá Akínlàdé náà kọ Owó Ẹ̀jẹ̀ àti Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? Ọ̀pọ̀ nínú yín ni wọ́n fi àwọn ìwé wọ̀nyí kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́, tí ẹ sì ti kà á tán kí olùkọ́ tó dé orí kejì. A ní ìdí tí a fi dárúkọ wọn, ẹ ó rí i láìpẹ́.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà nípa àwọn ènìyàn inú eré. Ní 1956, Donald Horton àti Richard Wohl kọ̀wé nípa bí olùwòran ṣe máa ń di ọ̀rẹ́ ẹni tí ó ń wò, tí onítọ̀hún kò sì mọ̀ ọ́n rí. Ìyá aránṣọ wa máa ń kí Jessica. Bí orin eré náà bá ti bẹ̀rẹ̀, yóò ní, “Ìyá, ẹ kú alẹ́ o,” yóò sì da àdìrẹ lé ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Opó ń kí opó. A kò rí ẹ̀bi nínú rẹ̀ o. Kìkì pé Jessica kò lè bi í pé báwo ni ara.

Ibi tí ewu wà

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ó lè pa ènìyàn ní alẹ́ kan ṣoṣo. Bí iná mànàmáná bá lọ nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n mú apànìyàn, kí ni ọ̀pọ̀ ilé máa ń ṣe? Wọn yóò tan jẹnẹrétọ̀. Nítorí òjò tàbí nítorí olè, wọn yóò gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tàbí ilé ìdáná, tàbí abẹ́ fèrèsé yàrá. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní afẹ́fẹ́ olóró kan nínú tí a ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò ta ènìyàn lójú. Ó máa ń gba ipò afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀, tí ọpọlọ àti ọkàn kò fi ní rí èyí tí wọn yóò lò. Orí yóò kọ́kọ́ fọ́ ènìyàn, òòyì yóò kọ́ ọ, èébì yóò máa gbé e, ara rẹ̀ yóò sì di ọ̀lẹ. Ẹni tí ó ti sùn níwájú tẹlifíṣọ̀n kò ní mọ èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí. Ibi tí ó sùn sí náà ni wọn yóò ti bá a ní òwúrọ̀. A ti gbọ́ irú rẹ̀ nínú ìròyìn lemọ́lemọ́, ìdílé odindi nígbà mìíràn.

Ìta gbangba ni ààyè jẹnẹrétọ̀, jìnnà sí gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ti yín àti ti aládùúgbò, kí ẹnu èéfín rẹ̀ sì kọ ẹ̀yìn sí ilé. Fèrèsé ṣíṣí kò tó. Fáànù kò tó. Bí orí bá ń fọ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta nínú ilé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ jáde sí afẹ́fẹ́ kíákíá, kí ẹ pa ẹ̀rọ náà bí ẹ bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìséwu, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ pa á kí ẹ tó sùn, ìbáà ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí eré parí. Ẹ kúkú mọ ẹni tí ó pànìyàn.

Èkejì ni oorun. Àgbàlagbà nílò ó kéré tán wákàtí 7 lóru. Ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò wákàtí 9 sí 12. Ọ̀dọ́ tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò 8 sí 10. Ẹni tí ó bá wo eré títí di agogo kan òru, tí ó sì jí ní agogo márùn-ún láti sáré bá ọkọ̀, ó ti ń jẹ gbèsè. Àìsùn tó máa ń ran ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà lọ́wọ́, ó sì máa ń mú kí ebi àdídùn àti ebi oúnjẹ ọlọ́ràá máa pa ènìyàn. Ní ayé àtijọ́, bí eré bá parí, ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Lónìí, lórí fóònù tàbí lórí tẹlifíṣọ̀n ìgbàlódé, bí apá kan bá ti ń parí ni òmíràn ti ń bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọwọ́ yín ni ẹ ó fi pa á, ẹ má retí pé kí ó dá dúró. Ìmọ́lẹ̀ fóònù tí a gbé sún mọ́ ojú lórí ibùsùn tún máa ń dá oorun dúró, nítorí ọpọlọ yóò rò pé ilẹ̀ kò tíì ṣú. Ìdí tí a fi dárúkọ Òkédìjí àti Akínlàdé nìyẹn: ẹni tí kò lè sùn láìgbọ́ ẹjọ́ apànìyàn, ẹ jẹ́ kí ó pa tẹlifíṣọ̀n ní nǹkan bí wákàtí kan ṣáájú, kí ó gbé ìwé. A kò ṣèlérí pé Lápàdé yóò jẹ́ kí ẹ sùn o, ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn púpọ̀.

Ìjókòó náà ń kọ́? Ní 1953, dókítà kan tí ń jẹ́ Jerry Morris tẹ ìwádìí jáde nípa àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní Lọ́ńdọ̀nù. Awakọ̀ jókòó láti àárọ̀ di alẹ́. Agbowó ọkọ̀ ń gun àtẹ̀gùn sókè sódò. Àrùn ọkàn mú àwọn awakọ̀ ju àwọn agbowó lọ, bẹ́ẹ̀ inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n jọ wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé, ní 2020, sọ pé kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe iṣẹ́ ara tí ń mú èémí yára díẹ̀, bí i kí á rìn kánkán. Kò ní kí ẹ má wo eré. Bí wọ́n bá ń polówó ọjà, ẹ dìde, ẹ lọ fọ abọ́, ẹ na ẹsẹ̀, ẹ lọ wo bóyá gáàsì ti kú. Ní ti oúnjẹ, ìwọ̀nba ni kí ẹ bù sínú àwo kékeré. Ẹni tí ó bá gbé odindi ike ṣinṣín sórí itan nígbà tí Columbo ń béèrè ọ̀rọ̀, ìsàlẹ̀ ike ni yóò jí i.

Fún àwọn ọmọ kéékèèké, ọ̀rọ̀ kúrú. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2019 pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 má jókòó ti tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù rárá, àti pé kí ọmọ ọdún 2 sí 4 má kọjá wákàtí kan lóòjọ́, bí ó bá sì dín ní wákàtí kan, ó tún dára jù. Ìtàn ìpànìyàn, bí ó ti wù kí ó rọ̀ tó, kì í ṣe tiwọn. Ohun tí ó tu ìyá lára lè di àlá burúkú fún ọmọ.

Kí ẹ má sì rò pé eré kò lè ṣe ilé ìwòsàn lóore. Níhìn-ín ní Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, àwọn olùwádìí fi eré MTV Shuga han àwọn ọ̀dọ́, nínú ìwádìí kan tí ó kó nǹkan bí 5,000 ọ̀dọ́ jọ. Lẹ́yìn oṣù bíi mẹ́jọ, àwọn tí ó wo eré náà lọ fún àyẹ̀wò kòkòrò HIV ní ìlọ́po méjì àwọn tí ó wo eré mìíràn. Kò sí ẹni tí ó wàásù fún wọn. Eré ni wọ́n wò.

Ìyá aránṣọ

Ní ọdún kejì lẹ́yìn ikú bàbá, àkọ́bí ìyá, tí ó jẹ́ alàgbà nínú ìjọ, bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí. Ó ní ìwòkuwò ni ìyá ń wò. Ó ní ṣé ìpànìyàn ni ó yẹ kí opó fi máa dá ara rẹ̀ lára yá. Ìyá kò dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí àkọ́bí bá ti ń bọ̀, yóò pa tẹlifíṣọ̀n, yóò ṣí Bíbélì. Ó ti kọ́ bí a ti í fi nǹkan pamọ́ fún ọmọ ara ẹni.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, èyí tí ó ra àwo fídíò, wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé apá kan lálẹ́ kò tó ìyá mọ́. Ó di mẹ́ta, ó di mẹ́rin. Bí eré bá ti fẹ́ parí, ọwọ́ ìyá ti wà lórí rìmóòtù kí ìdákẹ́jẹ́ tó dé. Ó ṣàkíyèsí pé ìyá kì í kí Jessica mọ́. Bí ó bá bi í pé ta ni èyí tí ó wọlé yìí, ìyá kò mọ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti wo apá náà nígbà mélòó kan. Ó ń wò, kò rí i.

Ọmọ náà kò pa tẹlifíṣọ̀n. Ó dín ohùn rẹ̀ kù, ó jókòó ti ìyá, ó ní, “Màámi, kí ni ẹ kò fẹ́ rò?”

Ìyá dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. Ó ní, “Ọwọ́ mi kan nǹkan kan ní ọmú mi. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ.”

Wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ kejì. Wọ́n gé díẹ̀ nínú kókó náà fún àyẹ̀wò, wọ́n sì rí i pé jẹjẹrẹ ni. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n fún un ní oògùn fún oṣù púpọ̀, irun orí rẹ̀ já. Dókítà sọ ọ́ fún wọn láìfi bò pé bí ó bá ti wá ní oṣù kìíní ni, ìtọ́jú ìbá rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. A kò ní pa èyí mọ́ fún yín, nítorí oṣù mẹ́jọ kì í ṣe ohun eré.

Ẹ kíyèsí i pé eré kọ́ ni ó fa àrùn. Eré gba ìyá sílẹ̀ ní ọdún kìíní, nígbà tí kò sí ẹlòmíràn tí yóò jókòó tì í. Nígbà tí ẹ̀rù tuntun dé, ibi ìsádi kan náà ni ó sá sí, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ẹni tí ó yẹ kí ó bi í léèrè ń bi í nípa ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá, àti ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ní ìyá, ohun tí ó yẹ kí ó gbé obìnrin dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì láìfi falẹ̀ nìyí: kókó ní ọmú tàbí ní abíyá, kódà bí kò bá dunni, nítorí àìdunni kì í ṣe ẹ̀rí pé kò léwu, awọ ọmú tí ó jìn wọnú tàbí tí ó le bí èèpo ọsàn, orí ọmú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fà wọlé, ẹ̀jẹ̀ tàbí omi tí ń jáde láti orí ọmú ẹni tí kò fún ọmọ lọ́mú, egbò ibẹ̀ tí ó kọ̀ tí kò jinná. Ọ̀pọ̀ kókó kì í ṣe jẹjẹrẹ. Àyẹ̀wò nìkan ni ó lè sọ èyí tí ó jẹ́, kì í ṣe ojú, kì í sì í ṣe àdúgbò.

Ní ti ẹni tí ó bá ń wo eré ṣùgbọ́n tí kò gbádùn rẹ̀ mọ́, tí oúnjẹ kò wù ú, tí kò fẹ́ kí ilé dákẹ́ rárá, tí ìbànújẹ́ sì ti jókòó lé e lórí fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àìsàn ọkàn ni ó lè máa ṣe é, ó sì ní ìtọ́jú. Bí ó bá sọ ọ́ jáde rí pé ayé sú òun, ẹ má dá a dá ilé, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà. Ẹ má fi gbígba rìmóòtù ṣe ìtọ́jú rẹ̀.

Ìyá aránṣọ ti parí oògùn rẹ̀. Irun rẹ̀ ti ń hù padà, ó funfun ju ti àtijọ́ lọ. Ó máa ń lọ fún àyẹ̀wò ní ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún un, ó sì tún ti ń kí Jessica. Apá kan lálẹ́ ni, agogo mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá. Bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn ní àkókò yẹn, alàgbà ìjọ ni o tàbí aládùúgbò, kì í yí i sí ibi ìròyìn mọ́. Yóò fi àga hàn án, yóò sì ní kí ó jọ̀wọ́ má sọ̀rọ̀ títí wọn yóò fi mú apànìyàn.